Ìfohùnṣọ̀kan Kejìlá ti Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín: kí ni a ti mọ̀ nípa ìpàdé àdúgbò? A mọ̀ pé tí wọ́n bá pè é fún aago mẹ́rin, aago márùn-ún á ti kọjá kí àwọn èèyàn tó máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. A mọ̀ pé àga oníke ló máa ń wà níbẹ̀, àti pé èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ya ni ẹni tó bá pẹ́ dé máa ń bá. A sì mọ̀ pé lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan á na ìwé àti báírò sí ọ: kọ orúkọ rẹ, kọ nọ́ńbà ilé rẹ, buwọ́ lù ú. Rẹ́jísítà nìyẹn.

Ìbéèrè kejì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ: kí ni ìbùwọ́lù yẹn ń sọ? Ó ń sọ pé, “Mo wá.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ìka sí ibẹ̀, ẹ má tíì gbé e kúrò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọkùnrin ńlá kan yóò ti ṣubú lójú wa.

Olúgbóyèga ni orúkọ ọkùnrin náà. Àmọ́ tí ẹ bá pè é ní Olúgbóyèga lásán, kò ní gbọ́. Etí rẹ̀ ti di sí orúkọ tí kò ní oyè níwájú. Òun ni Alága Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀, lọ́nà Kuje, níbi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Raji Rasaki Estate kí omi tó hó lórí iná. Ilé méjìlélógójì ló wà ní àdúgbò náà. Tí ẹ bá rí bó ṣe ń ká agbádá sí èjìká nígbà tó bá ń lọ ra búrẹ́dì, ẹ ó rò pé orílẹ̀-èdè méjìlélógójì ló ń ṣàkóso.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Họ́láńdì ránṣẹ́ pè é, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún. Kí ni a mọ̀ nípa Họ́láńdì? Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n lára aṣọ. Àwọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù mọ̀ ọ́n lára jẹ́sì aláwọ̀ ọsàn. Ohun tó yẹ kí a fi kún un ni pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn ló rẹlẹ̀ ju òkun lọ. Wọ́n mọ odi yí ilẹ̀ ká, wọ́n fa omi kúrò lórí rẹ̀, wọ́n ń gbin ọ̀dùnkún síbẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní póódà. Tí odi bá ya, omi kò ní béèrè ta ni olówó àti ta ni tálákà, nítorí náà àwọn tí kò lè jókòó jẹun pọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sọ̀rọ̀ omi pọ̀.

Ìwà yẹn náà ni wọ́n mú wọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó oṣù. Ní ọdún 1982, nígbà tí àìríṣẹ́ ti ń han àwọn èèyàn léèmọ̀, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ àti ti àwọn agbanisíṣẹ́ fẹnu kò lórí ìwé kan ní ìlú tó ń jẹ́ Wassenaar. Àwọn òṣìṣẹ́ gbà pé àwọn á rọra béèrè àfikún owó. Àwọn agbanisíṣẹ́ gbà pé àwọn á dín wákàtí iṣẹ́ kù, kí iṣẹ́ lè kárí. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó gbé gbogbo ohun tó mú wá padà lọ sílé. Ìlànà náà nìyẹn. Ó máa ń gùn, ó máa ń súni, kò sì sí ẹni tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún níbẹ̀.

Gbogbo èyí ni ọmọ rẹ̀ ṣàlàyé fún un nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń yí ìlú po. Alága sùn. Nígbà tó jí, ohun mẹ́ta ló kù lórí rẹ̀: wọ́n ń fẹnu kò, wọ́n ń mu kọfí, wọ́n sì ń jẹ bísíkíìtì ẹyọ kan.

Kò tíì tú ẹrù tán tó fi pe ìpàdé.

“Ẹ̀yin ará Ìrẹ̀pọ̀!” ni ó ké, gbohùngbohùn sì fi igbe tirẹ̀ gbè é. “Mo ti dé láti ibi tí wọ́n ti ń kó ohùn ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jọ, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọgbọ́n rán an di ẹ̀wù kan ṣoṣo! Ojú mi ló rí i! Ẹnu mi ló mu kọfí rẹ̀! Láti òní lọ, kò sí ìdìbò mọ́ ní àdúgbò yìí. Ìdìbò ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ìfohùnṣọ̀kan la ó máa ṣe. Póódà!”

“Póódà!” ni àwọn tó wà níwájú dáhùn. Wọn ò mọ̀ bóyá àdúrà ni tàbí oúnjẹ.

Báyọ̀, igbákejì alága, dìde dúró. Iṣẹ́ Báyọ̀ ni láti máa yin Alága, kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré. Tí Alága bá sín, á ní ìlú ti gba afẹ́fẹ́ tuntun. “Ẹ̀yin èèyàn,” ni Báyọ̀ wí, “ṣé ẹ rí i bí awọ ara wọn ṣe ń dán? Ìmọ̀ ni.”

Kọfí dé nínú ife kékeré, bísíkíìtì ẹyọ kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Nígbà tí ìpàdé parí, Alága pe akọ̀wé, Ẹ̀bùnlọlá, olùkọ́ àgbà kan tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò láti ogún ọdún.

“Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wa ti fẹnu kò. Mú rẹ́jísítà yẹn, fi píìnì kàn án mọ́ ọn lẹ́yìn.”

“Alága, rẹ́jísítà àwọn tó wá nìyẹn.”

“Ẹni tó bá wọlé ti gbà. Tí kò bá gbà, kí ló wá ṣe?”

Ẹ̀bùnlọlá fi píìnì kàn án, nítorí àlàáfíà. Ẹ rántí píìnì yẹn.

Bí Ìfohùnṣọ̀kan Kìíní ṣe wáyé nìyẹn: pé sáà Alága tó yẹ kó parí nínú oṣù Kejìlá yóò máa bá a lọ títí gbogbo ènìyàn yóò fi fẹnu kò pé ó tó. Ìbùwọ́lù mọ́kànlélọ́gbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì ní kí gbogbo ìpàdé dìde, kí wọ́n sì ké “Póódà” lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí Alága bá ń wọlé. Ìkẹta ní adìyẹ kankan ní Àdúgbò Ìrẹ̀pọ̀ kò gbọdọ̀ kọ kí Alága tó jí.

Lára pátákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ omi ni Richard ti rí ìkẹta yìí. Ọmọ Wárrì ni Richard, ayálégbé ni, iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe. Ó ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ́jísítà tí wọ́n kàn mọ́ ọn, ó sì yíjú sí Ẹ̀bùnlọlá tó wà nítòsí.

“Èmi? Èmi ni mo gbà kí adìyẹ má kọ? Àǹtí Ẹ̀bùn, abẹ́g, mi ò jókòó rárá! Kọ́kọ́rọ́ ilé omi ni mo wá gbà!”

“Ṣé o buwọ́ lù ú?”

“Wọ́n na báírò sí mi! Kí ni kí n ṣe, kí n jẹ ẹ́?”

“Tóò. O ti fohùn ṣọ̀kan nìyẹn.”

“Àwọn adìyẹ yẹn ńkọ́, ta ló gba ìbùwọ́lù tiwọn?”

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, nítorí ẹ̀rín ti pọ̀ jù, ẹnì kan sì wà níbẹ̀ tí kò rẹ́rìn-ín. Sàdíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àsmá'ù, ń ta ìrẹsì, gaàrí, ṣúgà àti mílíìkì níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, tí gọ́tà àdúgbò ti ń ya sínú gọ́tà ńlá. Lọ́dún tó kọjá, gọ́tà dí, omi wọ ìsọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ìrẹsì wú, ṣúgà di omi, gaàrí di ohun tí ajá kò fẹnu kàn. Ọdún kan gbáko ló fi tún ìsọ̀ náà kó. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé tí omi bá tún wọlé lọ́dún yìí, kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta mọ́. Òun á di ẹrù òun, òun á padà sí Ìsẹ́yìn. Oṣù karùn-ún la wà nígbà náà. Òjò ti ń kùn lókè.

Ní ìpàdé keje, Sàdíátù dìde. “Alága, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ọ̀rọ̀ gọ́tà yẹn ni. Ẹ jẹ́ ká kó o kí òjò tó dé.”

Alága pa ojú dé bí ẹni tó ń gbọ́ orin. “Ìyá Àsmá'ù, ọ̀rọ̀ rẹ wúwo. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, a kì í gbé e lóòró. Ìgbìmọ̀ kékeré ni yóò gbé e.”

“Àwọn ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ náà, sà?”

“Èmi.”

“Àti ta ni, sà?”

“Èmi àti ìrònú mi.”

Báyọ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Alága tú bébà ńlá kan. Òpó méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú kọnkéré gbọọrọ tó so wọ́n pọ̀ lókè, orúkọ rẹ̀ lára òpó, àwòrán ojú rẹ̀ lókè pátápátá. Àbáwọlé Ìfohùnṣọ̀kan! Ẹnu ọ̀nà àdúgbò ló fẹ́ kọ́ ọ sí, ìyẹn ìsàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kí àwọn tó ń bọ̀ láti Apple Junction lè máa rí i lókèèrè. Rẹ́jísítà ọjọ́ náà ni wọ́n kàn mọ́ ọn. Ta ni orúkọ rẹ̀ wà ní ìlà kẹrin? Ẹ gbà á lọ́fẹ̀ẹ́: Sàdíátù.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́rì dé pẹ̀lú yanrìn. Àyè kan ṣoṣo ló ṣí sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, ẹnu gọ́tà sì ni. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Kò pẹ́, kò sì le. Síbẹ̀ omi bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú ìsọ̀ Sàdíátù, ó dúró sí èkejì, ó sì ń wò ó. Obìnrin náà ká ìró sókè, ó gba ilé Alága lọ. Báyọ̀ ló bá lẹ́nu ọ̀nà.

“Alága ń ronú.”

“Ẹ bá mi jí wọn.”

Alága jáde wá pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá. Kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ṣí ìwé. “Ìyá Àsmá'ù, orúkọ ta nìyí?”

“Orúkọ mi ni, sà.”

“Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?”

“Ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n Alága, ọ̀rọ̀ gọ́tà ni mo bá wá lọ́jọ́ náà!”

“Ohun tí o bá wá yàtọ̀ sí ohun tí o gbà. Ìwọ fúnra rẹ lo gbà kí wọ́n da yanrìn síbẹ̀. Ṣé kí n wá ba ìfohùnṣọ̀kan gbogbo ìlú jẹ́ nítorí pé ìwọ àti ìwọ ń jà?”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, èmi náà ti lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti bi mí ní ọ̀rọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀, mo sì dákẹ́. Sàdíátù kò dákẹ́. Ilé Ẹ̀bùnlọlá ló gbà lọ, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ṣì tutù. Olùkọ́ náà ń máàkì ìwé àwọn ọmọ iléèwé nígbà tó wọlé.

“Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ń fi píìnì yẹn kàn án.”

Ẹ̀bùnlọlá gbé báírò pupa sílẹ̀. “Òótọ́ ni. Ọwọ́ mi ni. Mo ń sọ fún ara mi pé àlàáfíà ni mò ń wá. Mo sì ti ka ohun táwọn ará Họ́láńdì ń ṣe. Kò jọ eléyìí rárá. Ẹni tí omi máa kọ́kọ́ mù ni wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.”

Sàdíátù jókòó, ó ronú díẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Wọ́n ní ẹni tó bá wọlé ti gbà. Alága fúnra wọn, fèrèsé ni wọ́n máa ń gbà wọlé ni?”

Ẹ̀bùnlọlá wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pẹ́. Alága ni ẹni àkọ́kọ́ tó máa ń buwọ́ lu rẹ́jísítà ní gbogbo ìpàdé. Ìlà mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ máa ń gbà nítorí oyè. Kò sì ka ohun tó wà lórí ìwé náà rí.

Àmọ́ olùkọ́ ni olùkọ́. “Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni,” ni ó wí. “Ojúlé dé ojúlé la ó lọ. A ó ka ohun tí a fẹ́ kọ sórí rẹ́jísítà fún wọn, a ó sì gbọ́ tẹnu wọn.” Ọjọ́ mẹ́fà ni àwọn méjèèjì fi rìn. Àwọn kan gbà kíákíá, àwọn kan jiyàn, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù kan lé wọn jáde, ó sì tún pè wọ́n padà. Ilé mọ́kànlélógójì. Ìkejìlélógójì, ilé Alága, wọ́n dé ibẹ̀ náà. Báyọ̀ ní Alága ń ronú.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí Àbáwọlé náà dé. Òpó kan ṣoṣo ló tíì parí, pẹ̀lú orúkọ Alága tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kọ sí i, ṣùgbọ́n Alága ní àwọn àgbà ìlú tó lóye máa ń rí òpó kejì pẹ̀lú ojú inú. Òjò ń fọ́n wínníwínní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìfohùnṣọ̀kan Kẹsàn-án ti fòfin de òjò lọ́jọ́ náà. Lẹ́nu ọ̀nà kánópì ni Ẹ̀bùnlọlá dúró sí pẹ̀lú rẹ́jísítà. Lórí ìwé náà, ó ti fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ohun tí wọ́n jọ sọ nílé kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́. Báyọ̀ kà á. Ó wo ọ̀nà tí Alága yóò gbà, ó wo ojú òfuurufú, ó rántí pé ilé òun kò jìnnà sí gọ́tà. Ó buwọ́ lù ú ní lẹ́tà tín-ín-rín.

Alága dé. “Póódà! Póódà! Póódà!” Ó gba báírò láìwo ìwé, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìlà mẹ́ta tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un lókè, ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó sì wọlé.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ wé odi, ó fi wé ẹ̀rọ tó ń fa omi, ó tún fi wé òkun tí wọ́n ń fa omi rẹ̀. Omi ti ń ga lẹ́yìn yanrìn. Nígbà tó jókòó, Ẹ̀bùnlọlá gba gbohùngbohùn.

“Ìfohùnṣọ̀kan Kejìlá,” ni ó kà, bí ìgbà tó ń ka orúkọ kíláàsì. “Gbogbo wa gbà pé kí wọ́n kó yanrìn kúrò lẹ́nu gọ́tà lónìí. Kí iṣẹ́ àbáwọlé dúró. Kí a la gọ́tà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ilé méjìlélógójì ló buwọ́ lù ú. Ẹni àkọ́kọ́ ni Alága.”

Alága fò dìde. “Irọ́! Mi ò gbà!”

“Alága,” ni Sàdíátù pè é láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “orúkọ ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

“Orúkọ mi ni, àmọ́...”

“Ọwọ́ ta ló kọ ọ́?”

“Ọwọ́ mi ni! Ṣùgbọ́n mo kàn wọlé ni!”

“Tí ẹ ò bá gbà, ọ̀gá mi,” ni Richard bi í, “kí lẹ wá ṣe?”

Ẹ̀rín bú. Ojú Alága pọ́n, òógùn bò ó, ó já gbohùngbohùn gbà lọ́wọ́ Ẹ̀bùnlọlá, ó sì ké débi pé wọ́n gbọ́ ọ ní Raji Rasaki Estate:

“Ẹ̀yin aláìmọ̀kan! Ìwé tí èèyàn fi ń wọlé kì í ṣe ìwé tí èèyàn fi ń gbà! Pé mo wá kò ní kí n gbà!”

Òjò ń lu kánópì. Ẹ̀bùnlọlá ṣí báírò rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tún un sọ, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ yọ píìnì mọ́kànlá.”

Ṣé ìka yín ṣì wà níbẹ̀? Ó dára. Tí ìwé ìwọlé kì í bá ṣe ìwé ìfohùnṣọ̀kan, adìyẹ lè kọ. Àbáwọlé kò ní àṣẹ. Ìfohùnṣọ̀kan Kìíní náà, èyí tó fi sáà kún sáà, ti tú ká, sáà Alága sì ti parí láti oṣù Kejìlá tó kọjá. Tó bá ní ìwé ìwọlé jẹ́ ìwé ìfohùnṣọ̀kan, yanrìn rẹ̀ ti lọ. Ó wo Báyọ̀. Báyọ̀ ń fi tọkàntọkàn yẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí Olúgbóyèga ṣe ṣubú nìyẹn. Kò sí ẹni tó tì í.

Àmọ́ òjò kò dúró de ẹ̀rín. Lábẹ́ páànù ṣọ́ọ̀bù Richard ni gbogbo wọn sá wọ̀, ibẹ̀ ni ìpàdé gidi ti bẹ̀rẹ̀, láìsí kọfí. Àwọn lánlọ́ọ̀dù ní kí àwọn ayálégbé wá gbẹ́ ẹ. Àwọn ayálégbé ní gọ́tà onílé ni. Richard ní òun á ṣe irin asẹ́ sí ẹnu gọ́tà, ó sì jẹ́wọ́ pé àwọn àjákù irin òun wà nínú rẹ̀. Wákàtí méjì. Ohùn ròkè, ó walẹ̀. Níkẹyìn, lánlọ́ọ̀dù kan rọra sọ ohun tí gbogbo wọn ti ń yẹra fún: pèpéle kọnkéré tó wà níwájú ìsọ̀ Sàdíátù, èyí tó ń to ọjà sí, orí gọ́tà ló wà. Bí wọ́n bá kó gbogbo yanrìn tán, tí pèpéle yẹn ṣì wà, omi kò ní kọjá.

Gbogbo ojú yí sí i. Ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ọ́n. Ìdajì ọjà rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

“Ẹ fọ́ ọ,” ni Sàdíátù wí. Ó nu ojú. “Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lánlọ́ọ̀dù, ẹ ó fún mi láyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀rọ omi láti máa to ọjà mi.”

Wọ́n gbà. Wọ́n sọ ọ́ lẹ́nu, ẹnì kọ̀ọ̀kan, ní ohùn ara rẹ̀.

Olúgbóyèga dúró níta nínú òjò, agbádá rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Báyọ̀ ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. “Ẹ jẹ́ kó wọlé,” ni Sàdíátù wí. “Òun náà ń gbé àdúgbò yìí.” Wọ́n bi í léèrè ohun tó lè fi sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n kó yanrìn náà sínú àpò, kí wọ́n fi ṣe odi sí etí gọ́tà. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má wó òpó rẹ̀.

Wọn ò wó o. Òpó náà ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Richard fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, òun ni wọ́n fi ń wọn omi báyìí. Ìlànà wọn sì ni pé tí omi bá ti kan ẹsẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ náà, kí wọ́n pe ìpàdé. Kò tíì kàn án. Sàdíátù ṣì ń ta ṣúgà.

Iṣẹ́ tiyín ló kù. Ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, tí wọ́n bá na báírò sí yín, ẹ kọ́kọ́ yí ìwé náà sẹ́yìn wò. Lẹ́yìn náà, kí ẹnikẹ́ni tó gba gbohùngbohùn, ẹ wá ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ jù, kí ẹ sì bi í pé: “Ìwọ ńkọ́?”

Ẹ dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.